Kí Irun Mọ́mì Ọpẹ́ Tó Ká

Mọ́mì Ọpẹ́ kò bínú nígbà tó padà wá, èyí gan-an ló sì dun Fọláyẹmí. Ká ní ó pariwo ni, ká ní ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ sọ òun di ẹni ẹ̀sín láàárín ìjọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ìyá náà kàn wọlé jẹ́jẹ́, ó kí gbogbo wọn, ó jókòó síwájú dígí, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n wá wò ó.

Irun tí wọ́n fi odidi ọ̀sán ká mọ́ rólà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti nà tán. Ó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́bàá etí rẹ̀ bíi koríko tí òjò lù mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fọ̀ ọ́," ni Mọ́mì Ọpẹ́ wí. "Omi kàn án báyìí, ó dẹ̀ gbàgbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ."

Àǹtí Catherine, tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, fi ìka tọ́ irun ọ̀hún wò. Ọmọ Ṣàgámù ni. Láti ayé ìgbà tí jẹ́rí-kọ́ọ̀lù gbòde, tí tọkùnrin tobìnrin ń fi irun tó ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó ń kán òróró sọ́rùn ẹ̀wù, ṣe fáàrí káàkiri Èkó, ló ti ń ṣe irun ní Kétu. Àṣà náà lọ, ó tún fẹ́ máa padà bọ̀. Nígbà tí omi tí wọ́n fi ń ṣe é, tó máa ń ti òkè òkun wá, di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́, Àǹtí Catherine ní àwọn yóò máa po tàwọn fúnra àwọn. Ó gbójú lé Fọláyẹmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó kàwé kẹ́mísírì dé ibi tó ga, tó sì ti ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù láti ọdún mélòó kan.

Oríṣi omi méjì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Omi kìíní ló máa ń tú agídí irun, tí irun á fi rọ̀, tí á gbà kí wọ́n ká òun bó ṣe wù wọ́n. Òun ló ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tí àwọn aládùúgbò fi máa ń ti fèrèsé. Omi kejì, tí àwọn aṣerunlóge ń pè ní niutiráláísà, ló ń mú irun dúró síbi tí wọ́n bá ká a sí. Ọjà ni wọ́n ti ń ra omi kejì. Omi kìíní ni Fọláyẹmí ń pò, òun náà ló sì kùnà lórí Mọ́mì Ọpẹ́.

Àǹtí Catherine bẹ ìyá náà. Ó ní àwọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí irun sinmi ná, nítorí pé orí àgbà kì í ṣe ibi tí à ń da kẹ́míkà lé ní àdàtúndà. Mọ́mì Ọpẹ́ mi orí pé ó yé òun. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò sọ nígbà àkọ́kọ́.

Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ọkọ òun, Bàbá Ọpẹ́, tó jẹ́ káfíńtà kí iṣẹ́ tó sú u, ti ń gbàgbé nǹkan láti bí ọdún kan. Ó mọ oúnjẹ ẹ̀ jẹ, ó mọ orin ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ṣì mọ orúkọ igi bó bá ti fọwọ́ kàn án. Òun ìyàwó rẹ̀ ni kò mọ̀ mọ́. Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ àwọn ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí wọ́n ń gbé lọ́nà Owódé Onírin. Ọdún tí àwọn fẹ́ra ni wọ́n yà á, irun jẹ́rí-kọ́ọ̀lù ló sì wà lórí òun nínú rẹ̀. Àràárọ̀ ni bàbá máa ń dúró síwájú fọ́tò náà, tí á máa béèrè ìgbà tí obìnrin yẹn máa darí wálé.

"Wọ́n ń pè mí ní mà," ni Mọ́mì Ọpẹ́ wí. "Èmi tí wọ́n fi ọdún méje jù lọ. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n á ní, ẹ ṣeun, mà. Mo ní bóyá tí irun yìí bá lè jọ ti fọ́tò..."

Kò parí rẹ̀. Ó wé gèlè rẹ̀ padà, ó dìde, ó sì kí wọn pé ó dàbọ̀.

Nígbà tó lọ tán, Àǹtí Catherine kò dá Fọláyẹmí lẹ́bi. Irú obìnrin yẹn kọ́. Òun ló gbà á sílé nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, òun ló rán an níwèé, ọjọ́ tó sì pa ìwé tì tó kó ẹrù rẹ̀ wá sí Kétu, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í, ìyẹn bóyá ó ti jẹun. Ó gbá ilẹ̀ díẹ̀, ó wá ní: "Èyí tá a kọ́kọ́ fi ṣe irun Jessica, oníbàárà wa, lọ́jọ́ tó o pò ó, ó mú dáadáa. Inú kẹ́ẹ̀gì kan náà la ti bu ti Mọ́mì Ọpẹ́. Kí ló dé tí ọwọ́ omi náà fi rọ?"

Fọláyẹmí kò mọ̀. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, níbi tí kẹ́ẹ̀gì funfun ńlá náà wà lábẹ́ páànù tó ń móoru. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí ìdajì. Ó bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, ó dé e, ó sì mì ín bí èèyàn ṣe máa ń mi oògùn ikọ́ kó tó mu ún.

Àwọ̀ àlùkò ló yọ. Omi tó dà bí omi ẹ̀rọ lásán tẹ́lẹ̀ pọ́n wá sí dúdú, bí ẹni pé ẹnìkan kán aró sí i. Fọláyẹmí gbé e sójú fèrèsé kó lè rí i dáadáa. Kí ó tó pẹ́, àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ó ṣá títí, omi sì tún mọ́ gaara. Ó mì ín lẹ́ẹ̀kejì. Àlùkò tún dé. Ó gbé e kalẹ̀, àlùkò tún lọ.

Ó fa àga, ó jókòó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ irun nìkan mọ́.

Ohun tó fi ọdún mẹ́ta wádìí ní yunifásítì nìyí. Àwọn nǹkan kan wà tí imí-ọjọ́ wà nídìí wọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tàìọ́ọ̀lù. Àwọn ni wọ́n wà nínú omi kìíní, àwọn ni wọ́n ń mú un rùn. Bí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá bá wọn nínú omi, méjì méjì ni wọ́n máa ń so pọ̀, imí-ọjọ́ ti èkínní á gbá ti èkejì mú, wọn ò sì ní lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́. Pé wọ́n ń so pọ̀ kì í ṣe tuntun. Bí ìsopọ̀ náà ṣe ń yára tó, àti ohun tó ń mú un yára tàbí tó ń fà á sẹ́yìn, ni Fọláyẹmí ń wá.

Kò rí i. Bó bá ṣe iṣẹ́ náà láàárọ̀, ìsopọ̀ náà á sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bó bá tún un ṣe lọ́sàn-án, pẹ̀lú ohun èlò kan náà, á máa wọ́lẹ̀. Ìlà tó bá fà lónìí láti fi ìyára rẹ̀ hàn kì í bá tàná mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣẹ́gun, tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, fara dà á títí, kó tó di pé ó sọ fún un lọ́jọ́ kan níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan, pé irú iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò jágbe mọ́ ọn. Bóyá ìdí nìyẹn tí Fọláyẹmí fi gbà á gbọ́. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, Ifákọ̀ ní Gbàgádà ló kọ́ ilé sí, kò sì jìnnà sí Kétu rárá. Síbẹ̀, Fọláyẹmí kì í gba àdúgbò náà kọjá bí ọ̀nà mìíràn bá wà.

Ó tún wo ìgò náà. Nínú yàrá àyẹ̀wò, omi tó ń lò máa ń fẹ́lẹ́ débi pé kò sí àwọ̀ kankan tó lè yọ nínú rẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù yìí ki, amóníà sì wà nínú rẹ̀ tó ń gbé àwọ̀ náà jáde. Ó mọ ohun tó ń fa àwọ̀ àlùkò yẹn. Irin ni. Ó yíjú wo gbogbo báàkẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ti ní àbàwọ́n bí ìpẹtà nínú. Omi kànga ẹ̀rọ Ìkòsí ló fi po omi náà, omi ọ̀hún sì kún fún irin. Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, aṣọ funfun kì í pẹ́ kó tó pọ́n lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó wá ìgò mẹ́ta tó bára mu. Ó fi omi kànga ẹ̀rọ sínú èkínní, ó fi omi inú ọ̀rá, èyí tí wọ́n ń pè ní píọ́ wọ́tà, sínú èkejì, ó sì pa méjèèjì pọ̀ dọ́gbadọ́gba sínú ẹ̀kẹta. Ó kán kẹ́míkà tó fi ń po omi kìíní sí gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan náà, ó mì wọ́n, ó sì fi fóònù rẹ̀ wo bí àwọ̀ ìkọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó kó tó ṣá. Àǹtí Catherine ń ká rólà mọ́ orí oníbàárà kan, ó sì ń yọjú.

Ti omi kànga pọ́n fòò, ó sì ṣá kíákíá. Ti omi ọ̀rá kò ju kó kàn ní àwọ̀ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ díẹ̀ náà dúró pẹ́ gan-an. Èyí tó pa pọ̀ wà láàárín. Ó tún un ṣe. Bákan náà ló rí. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn ti mú páànù, gbogbo wọn yára ju ti àárọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ohun tí Fọláyẹmí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti dáhùn ní ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí oníbàárà lọ tán, ó ṣàlàyé fún àǹtí rẹ̀. Ó ní kó wo irun bí okùn tí àwọn ọwọ́ kéékèèké wà nínú rẹ̀, tí wọ́n di ara wọn mú. Omi kìíní ló ń tú àwọn ọwọ́ náà sílẹ̀. Niutiráláísà ló ń mú kí wọ́n tún ara wọn dì mú, lẹ́yìn tí rólà bá ti sún wọn síbi tuntun. Ṣùgbọ́n omi kìíní náà ní ọwọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú kẹ́ẹ̀gì, àwọn ọwọ́ inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í di ara wọn mú láàárín ara wọn. Kí omi tó dé orí Mọ́mì Ọpẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lẹ́nì kejì, kò ṣẹ́kù tó èyí tó máa tú irun.

Àǹtí Catherine béèrè ibi tí irin ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

"Irin ni alárinà wọn," ni Fọláyẹmí fèsì. "Láìsí i, wọ́n á ṣì fẹ́ra, àmọ́ á pẹ́. Òun ló ń sáré láàárín àwọn àti afẹ́fẹ́. Tó bá ti so méjì pọ̀, á tún lọ so méjì mìíràn. Òun fúnra ẹ̀ kì í tán."

"Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀ba," ni Àǹtí Catherine wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tiwa yìí wá ń lọ ṣe ìgbéyàwó ẹlòmíì."

Fọláyẹmí náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dá lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó rántí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ ooru omi di omi mímọ́ ní ẹ̀ka wọn ní yunifásítì. Páìpù bàbà pupa, tó ti gbó, ni omi ń gbà jáde nínú rẹ̀. Bàbà sì jẹ́ alárinà tó yára ju irin lọ. Fọláyẹmí ló máa ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀, òun ló máa ń bu omi tó ti sùn mọ́jú nínú páìpù náà. Tó bá fi máa di ọ̀sán, àwọn yòókù á ti lo èyí tó sùn, omi tuntun á ti máa sàn. Àárọ̀ ń sáré, ọ̀sán ń wọ́lẹ̀.

Kò lọ sí Ifákọ̀ láti lọ jà. Ohun tó gbé e lọ ni pé orí arúgbó ni wọ́n fẹ́ da omi tuntun sí, kò sì fẹ́ fi ìmọ̀ òun nìkan ṣe é. Ó gbé ìgò kékeré kan sínú báàgì, ó wọ ọkọ̀ dé Gbàgádà, ó sì fẹsẹ̀ rìn yòókù. Ó bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣẹ́gun ní fàráńdà, tó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bí Fọláyẹmí ṣe kúnlẹ̀ tó kí i, ohùn rẹ̀ nìkan ló fi dá a mọ̀.

Ó sọ ọ̀rọ̀ irun fún un, ó sì mi ìgò náà síwájú rẹ̀. Bàbá ní kó gbé e súnmọ́ ojú òun. Wọ́n jọ ń wò ó títí àwọ̀ náà fi lọ.

"Irin ni," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Omi ibo lo lò?"

"Omi kànga ẹ̀rọ wa ni, sà."

Ó mi orí. "Nígbà yẹn ńkọ́? Omi wo lò ń lò nígbà yẹn?"

Fọláyẹmí sọ ọ̀rọ̀ páìpù náà fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àárọ̀ àti ọ̀sán. Kò fi ẹ̀sùn kún un. Nígbà tó parí, ẹyẹ ló ń dún nínú igi máńgòrò ilé kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Mo ní kó o fọ ìgò," ló wí nígbẹ̀yìn. "Lójoojúmọ́ ni mo ń ní kó o fọ ìgò. Mi ò bi ọ́ léèrè omi. Èmi ló yẹ kí n béèrè. Mo ní ọwọ́ rẹ ò dúró, omi ni ò dúró."

Fọláyẹmí fẹ́ sọ pé kò burú, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́, nítorí pé ó burú. Ó kàn ní, "Ẹ ṣé, sà." Omijé kò sí lójú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èjìká rẹ̀ wálẹ̀, bí ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn tó jìn, tó sì ń yà á lẹ́nu pé ẹrù náà wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ni wọ́n sọ. Bàbá ní kó wá omi tí kò ní irin rárá. Ó sọ fún un nípa ìyẹ̀fun funfun kan tó máa ń gbá irin mú nínú omi, tí kì í jẹ́ kó ráyè ṣe alárinà, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ ìfọrun pàápàá, ó sì sọ ìwọ̀n tí kò ní pa orí lára. Ó ní kó máa rọ omi náà kún ìgò kéékèèké dé ọrùn, kí afẹ́fẹ́ má ráyè jókòó, kó sì gbé e kúrò lábẹ́ páànù. Ó wá kìlọ̀ pé bí omi tuntun bá dára, á mú ju èyí tó ti mọ́ àǹtí rẹ̀ lọ́wọ́ lọ, kí wọ́n má ṣe fi sórí pẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Fọláyẹmí dìde, bàbá béèrè bóyá ó fẹ́ padà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn tó mọ òun ṣì wà níbẹ̀. Fọláyẹmí ní òun kò mọ̀.

"Má dá mi lóhùn lónìí," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Owódé Onírin ni Fọláyẹmí ti rí omi tó ń wá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Junaid ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe níbẹ̀, ó sì máa ń ta omi mímọ́ tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì. Ẹ̀rín pa Junaid nígbà tó gbọ́ pé irun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó fi ibi tí ásíìdì wà hàn án, ó fi ibi tí omi wà hàn án, ó ní kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣàṣìṣe. Fọláyẹmí fi ìwé ìyẹ̀wò tó ń fi ásíìdì hàn yẹ omi náà wò kó tó gbé e, ó sì tún un yẹ̀ wò nílé. Ó kán kẹ́míkà díẹ̀ sí i, ó mì ín, ó gbé e sójú oòrùn. Kò pọ́n. Ó tún mì ín títí ọwọ́ fi ń ro ó, omi náà kò yí padà.

Mọ́mì Ọpẹ́ padà wá nígbà tí òjò ti ń rọ̀ déédéé. Irun tó já sára kóòmù rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán omi náà wò, ó sì rọ̀ dáadáa láìjá. Àǹtí Catherine wá da omi náà sí i lórí, ó ká rólà, ó sì fẹ́ lọ jókòó bó ṣe máa ń ṣe. Fọláyẹmí ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àǹtí rẹ̀ ní kò tíì tó àkókò, pé irun ìyá yìí le, pé òun mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ mú díẹ̀. Fọláyẹmí kò jiyàn. Ó tún bẹ̀ ẹ́ pé kó tú rólà kan ṣoṣo. Àǹtí Catherine tú u, irun náà sì jáde pẹ̀lú ìká rólà lára, ó rọ̀ bí òwú.

"Ó ti jinná," ni Àǹtí Catherine wí, ẹnu yà á. Wọ́n sáré ṣan án.

Wọ́n fi niutiráláísà lé e. Nígbà tí wọ́n tú gbogbo rólà, Àǹtí Catherine fọ irun náà, ó tún un fọ̀, ó fi aṣọ ìnura nù ún gbẹ. Ó ká síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìka fà á wálẹ̀, á padà sókè fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kí wọn kú iṣẹ́. Mọ́mì Ọpẹ́ wo dígí pẹ́. Kò rẹ́rìn-ín, ó jọ ẹni tó ń wo ọmọ ìyá rẹ̀ tí kò rí fún ọjọ́ pípẹ́. Ó fi gèlè rẹ̀ sínú báàgì, ó sì ní orí báyìí lòun máa lọ.

Fọláyẹmí sìn ín lọ, nítorí pé omi odò ti ń gun ọ̀nà Ajégúnlẹ̀, ìyá náà kò sì lè máa di agbòòrùn mú kó tún máa di báàgì mú. Wọ́n kọjá lórí pákó tí àwọn ará àdúgbò tẹ́ sórí omi. Iwájú ilé ni wọ́n bá Bàbá Ọpẹ́, lórí bẹ́ńṣì gígùn lábẹ́ òrùlé. Ó mú igi kékeré kan lọ́wọ́, ó ń fi ìwé tí káfíńtà fi ń dán igi họ ọ́, kò sì jọ pé ó fẹ́ fi ṣe nǹkan kan.

Ó gbójú sókè. Mọ́mì Ọpẹ́ dúró síbi tó wà, òjò ń kán lára agbòòrùn. Fọláyẹmí di báàgì mú lẹ́yìn rẹ̀.

"Martha," ni bàbá pè. "Ọjà yẹn mà pẹ́ o."

"Ó pẹ́ lóòótọ́," ni Mọ́mì Ọpẹ́ dáhùn. "Ẹ má bínú."

Bàbá sún, ó fi àyè sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Ìyàwó rẹ̀ pa agbòòrùn dé, ó sì jókòó tì í. Bàbá fi ọwọ́ kan irun náà, ó wo òróró tó kù lórí ìka rẹ̀, ó fi nu ṣòkòtò.

"Ìwọ àti òróró yìí," ló wí. "Ìrọ̀rí wa ò ní gbádùn."

Mọ́mì Ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó gbá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ẹ̀rín náà sì di ẹkún díẹ̀ kó tó tún padà di ẹ̀rín. Bàbá kò béèrè ìdí rẹ̀. Ó ń sọ ìtàn igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún un, pé mahogánì ni, pé ó dùn ún bí wọ́n ṣe ṣá a dànù. Fọláyẹmí gbé báàgì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Irun náà kò mú àrùn bàbá lọ. Mọ́mì Ọpẹ́ sọ fún wọn nígbà tó tún wá pé ní àárọ̀ kejì, bàbá tún pe òun ní mà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún pe òun ní Martha. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí, ọjọ́ mìíràn bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ mìíràn bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní èyí tóun rí gbà yẹn, ó tó òun.

Ní ìparí oṣù náà, Fọláyẹmí pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù, ó sì ní òun fẹ́ padà. Bàbá ní ó dára, òun á bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí Fọláyẹmí sọ fún àǹtí rẹ̀, obìnrin náà ń to ìgò kéékèèké sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò yíjú. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tó dé láti Ifákọ̀, pé ìrìn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ohun tóun fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí á máa po omi.

"Èmi náà ni," ni Fọláyẹmí wí. "Sátidé ni màá máa wá pò ó."

Àǹtí Catherine ronú sí i díẹ̀. Ó ní Sátidé kò dára, pé ọjọ́ yẹn ni èrò máa ń pọ̀ jù, kó wá lọ́jọ́ Furaidé, á sì bá ìrẹsì nílé.